Ìfò Tí Wọ́n Fi Orúkọ Ẹlòmíràn Pè

Bí wọ́n bá fi aṣọ bo Coralie láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n ní kó rìn kọjá láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ìyá-ìyá rẹ̀ yóò nàka sí i. Idalie Zamor ló tọ́ ọmọ náà dàgbà ní àjà kẹta ilé kẹrin ní Les Aulnettes, àdúgbò kan lẹ́bàá Paris, nígbà tí ìyá ọmọ padà sí Guadeloupe tí kò rántí pé òun gbàgbé nǹkan sẹ́yìn. Ó mọ bó ṣe ń sùn, ó mọ bó ṣe ń húkọ́, ó sì mọ̀ pé kì í fò láìkọ́kọ́ fa èjìká òsì sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí Coralie gbé géèmù tuntun náà wálé, tó tì í bọ inú ẹ̀rọ, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan onírun pupa bí irun àgbàdo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí òrùlé nínú tẹlifíṣọ̀n, Idalie dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹja oníyọ̀ lọ́wọ́.

"Coralie, ìwọ nìyẹn."

"Loïc ni, Màmá. Ẹ ò rí irun ẹ̀ ni?"

"Ta ló bi ọ́ ní irun? Wọ́n lè lẹ irun mọ́ àgbọn. Èjìká ni mò ń wò."

Coralie ń tẹ páàdì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n gba orí òrùlé ilé ẹ̀rọ omi gbígbóná, ó fa èjìká òsì sẹ́yìn, ó fò. Ó kọjá lójú òfurufú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ògiri àtẹ̀gùn ilé kẹrin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí ògiri náà mú bí ológbò. Ilé kẹrin tiwọn ni o! Fèrèsé yàrá ìdáná Idalie wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ya kọ́tìnnì rẹ̀ aláwọ̀ ewé, láìbi í léèrè. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà gàdàgbà yọ. Idalie fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti orí, ó kà á, ó tún un kà. ÌFÒ LOÏC ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ó fi agbára gbé abọ́ ẹja lé tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí omi iyọ̀ fi ta sílẹ̀.

"Loïc wo?"

Ohun tó mú orí rẹ̀ gbóná nìyí. Àwọn ọmọ afògiri kì í ṣe ọmọ àná ní agbègbè wọn. Láti Lisses ni eré náà ti ràn dé Évry, láti Évry ló ti dé Les Aulnettes, tí àwọn ọmọ fi ògiri, irin àtẹ̀gùn àti òrùlé ṣe pápá. Àwọn àgbà kọ́kọ́ ń lérí láti ojú fèrèsé pé àwọn yóò pe ọlọ́pàá. Nígbà tó yá ó sú wọn, wọ́n ń bá wọn kà á pé ta ló fò jù. Àwọn ọmọ náà ní òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fo àlàfo kan, wọ́n ní ó ti ṣí i, òun ló sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá fò ó lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bọ onítọ̀hún lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń jà. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ṣí ìfò kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó rí i ló ń sọ. Bí o bá la ẹnu rẹ wí pé èmi ni mo ṣí i, ojú alásọdùn ni wọn yóò máa fi wò ọ́ títí o fi máa darúgbó. Torí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣí ìfò láìmú ẹlẹ́rìí dání.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni Coralie ṣí tirẹ̀. Loïc ló dúró nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ọmọ Maryvonne ní ilé kejì, tí òun àti Coralie jọ dàgbà, tó sì jẹ àkàrà ẹja Idalie bí ẹni pé òun náà ni wọ́n ń dín in fún. Idalie ń ṣan iyọ̀ kúrò lára ẹja lójú fèrèsé nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ lókè, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Igbe tó ké lé gbogbo ẹyẹlé orí ilé kẹta lọ. Nígbà tó fi sáré sọ̀ kalẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, Coralie ti jókòó lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lorúkọ ẹ̀?" ni Loïc bi í.

Coralie wo ìyá-ìyá rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Idalie," ló wí. "Igbe Màmá ló tì mí débí."

Láti ìgbà náà, àwọn afògiri tó ti ọ̀nà jíjìn wá á béèrè pé níbo ni Ìfò Idalie wà. Àwọn méjì péré ló ti fò ó. Àwọn méjèèjì lọ bọ Coralie lọ́wọ́. Èkejì tiẹ̀ gun òkè wá bọ Idalie alára lọ́wọ́, ó sì jẹun kó tó lọ. Loïc ò sí nínú wọn.

Ó dára, báwo ni Ìfò Idalie ṣe wá di Ìfò Loïc?

"Àwọn tó ṣe géèmù yìí gbé èmi àti Loïc lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Paris," ni Coralie wí nígbà tí àgbà kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. "Wọ́n wọ aṣọ dúdú fífún fún mi, wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́ gbogbo oríkèé mi kí ẹ̀rọ lè rí bí mo ṣe ń mira. Mo bá wọn fo gbogbo ẹ̀ lórí àpótí."

"Loïc ńkọ́?"

"Ojú ẹ̀ ni wọ́n yà. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n nínú ìpolówó bàtà."

"Ìwọ fi ara ṣe é, òun fi ojú jẹ ẹ́."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

"Mò ń gbọ́. Ṣé ẹnu mi ló dí ọ létí ni? Sọ ọ́."

"Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Vasseur, wá bi wá pé ta ló ni ìfò yìí. Mo wo Loïc."

"O wo Loïc! Kí ló ṣe ẹnu ẹ?"

"Ẹ kúkú mọ òfin wa. Òun ló rí i, òun ló yẹ kó sọ. Mo dúró. Loïc wo ilẹ̀. Vasseur ní tí kò bá sí ẹni tó ni ín, kí wọ́n fi sórúkọ ẹni tí ojú ẹ̀ wà ńbẹ̀. Mo ṣì dúró. Loïc ò sọ̀rọ̀."

"Ìwọ náà ò sì sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè sọ ọ́, Màmá. Bí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe ìfò mọ́."

Idalie jókòó. Ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ń tẹ́ ibùsùn fún aláìsàn, ó ń nu ohun tí ẹlòmíràn kò fẹ́ nù, ó sì mọ bó ṣe máa ń rí kí ènìyàn ṣiṣẹ́ kí ẹlòmíràn gba ẹ ṣeun. Ó ti gbé tirẹ̀ mì. Ti ọmọ rẹ̀ yìí há a lọ́fun.

Èyí tó wá burú jù ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ géèmù àti olórí ìlú ń bọ̀ wá kan pátákó idẹ mọ́ ògiri ilé kẹrin, lábẹ́ fèrèsé Idalie gan-an, kí orúkọ ìfò náà lè wà lára rẹ̀. Wọ́n ti lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ inú lífíìtì. Ohun tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ènìyàn lè pa á kó lọ sùn. Ohun tí wọ́n bá kàn mọ́ ògiri, ọmọ-ọmọ ni yóò bá a níbẹ̀, yóò sì gbà á bí òótọ́. Tí wọ́n bá kan Loïc mọ́ ògiri yẹn, Coralie ò ṣí nǹkan kan láyé mọ́ nìyẹn.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Belkacem lórí bẹ́ǹṣì. Belkacem jẹ́ ará Kabylie ní Algeria, wọ́n ti ń ta dọ́mínò pọ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti ń bú ara wọn fún ìgbà tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Idalie, wọ́n ní ò ń bínú nítorí géèmù. Ní ọjọ́ orí wa yìí?"

"Tí mo bá gba dọ́mínò tí o jẹ lánàá, kí n lọ máa wí kiri pé èmi ni mo jẹ ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbà ọ́ gbọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé o kì í jẹ."

"Ṣé o rí ẹ!"

"Àbí torí orúkọ ẹ tó wà lára ìfò yẹn ni? Sọ òótọ́, mi ò ní sọ fún ẹnì kan."

"Ó wà níbẹ̀, ká má purọ́! Níbo ni orúkọ mi tún wà ní ilẹ̀ Faransé yìí, yàtọ̀ sí ara àpótí lẹ́tà? Àní bí kì í bá tiẹ̀ ṣe orúkọ mi, kí ó jẹ́ orúkọ ajá, ohun tí ọmọ yẹn pè é ni ó ń jẹ́."

Belkacem da dọ́mínò sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rò wọ́n pọ̀. "Ẹni mélòó ló rí i lọ́jọ́ yẹn?"

"Loïc. Àti èmi."

"Tí ìwọ náà bá wo ilẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ni ìyàtọ̀ ẹ sí Loïc?"

Idalie bú u ní èdè Creole, kò sì ta dọ́mínò lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, Coralie bá a níbi tó ti ń wé gèlè rẹ̀ olówó-iyebíye, èyí tó jẹ́ ti ìsìnkú àti ìdìbò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá. Wọ́n á ní èmi ni mo rán yín. Ìyẹn tún burú ju kí n fúnra mi sọ ọ́ lọ."

"Ta ló rán mi? Ojú mi ló rán mi."

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí wọ́n fi ẹni tó jalè ṣe yẹ̀yẹ́ o! Àbí a ti yí ayé padà ní alẹ́ àná, tí wọn ò sọ fún mi?"

Coralie jókòó lórí àpótí ìdáná, ó gbé orí lé ọwọ́. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló dun Idalie jù. Ọmọ tó bá ń sunkún ṣì rò pé ẹnì kan yóò gbọ́.

Nísàlẹ̀, wọ́n ti ta àgọ́ funfun, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n tó tóbi tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, àwọn ọmọdé sì tò lọ rẹrẹ kí wọ́n lè fi géèmù náà ṣeré. Àwọn afògiri wọ ẹ̀wù pupa tí ilé-iṣẹ́ pín fún wọn. Olórí ìlú ti gbé ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta kọ́ èjìká. Oníṣẹ́ kan ti dá ihò sára ògiri ilé kẹrin. Pátákó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Loïc dúró láàárín wọn, irun àgbàdo rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn láìwo ẹnì kan.

Vasseur gba gbohùngbohùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, olóhùn oyin. "Ẹ̀yin ará Les Aulnettes, géèmù yìí tiyín ni! Lórí òrùlé yìí, lára ògiri yìí, ni Loïc ti kọ́kọ́..."

"Irọ́ ni."

Ohùn kan ò nílò gbohùngbohùn tó bá ti fi ogójì ọdún pe ọmọ wọlé láti àjà kẹta. Gbogbo orí yí padà. Idalie ń ti àárín èrò bọ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni Vasseur wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "A máa gba ìbéèrè tó bá yá."

"Mi ò ní ìbéèrè. Ìdáhùn ni mo mú wá."

"Ta nìyá yìí?"

"Ẹni tẹ́ ẹ ya kọ́tìnnì ẹ̀ láìbi í ni," ni Idalie dáhùn. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rín in. "Mo wà lójú fèrèsé yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìfò yìí. Òwúrọ̀ Àìkú ni, ẹja wà lọ́wọ́ mi. Coralie Zamor ni mo rí lókè. Kò sẹ́ni tó fò ó ṣáájú rẹ̀. Mo rí i, mo sì sọ ọ́, lójú yín báyìí."

Ariwo sọ láàárín àwọn ẹlẹ́wù pupa. Coralie dúró lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Vasseur sún mọ́ Idalie, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, Coralie ti buwọ́ lùwé. Gbogbo ohun tó ṣe ní gbọ̀ngàn wa ti di tiwa."

"Ó ta ìrìn ẹsẹ̀ ẹ̀ fún yín," ni Idalie wí, òun ò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. "Kò ta ohun tí mo rí. Èmi ò buwọ́ lu nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká má ba ayẹyẹ jẹ́..."

"Ẹ ti bà á jẹ́ kí n tó dé! Ẹ wá sílé wa, ẹ ya ògiri wa, ẹ lo ọmọ wa, ẹ wá lẹ orí ẹlòmíràn mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n ń lẹ orí mọ́ ọmọláńgidi. Ẹ wá gbé e wá síwájú wa kí a pàtẹ́wọ́. A à ní í pàtẹ́wọ́!"

Belkacem, níbi tó jókòó sí, ní, "A à ní í pàtẹ́wọ́ o!" bí ẹni pé òun ló ronú kàn án.

Idalie yí sí Loïc. Inú ti ń bí i sí ọmọ yìí láti Ọjọ́rú. Nígbà tó wá rí i lójúkojú, tó rí àpá kékeré tó wà lágbọ̀n rẹ̀ níbi tí tábìlì ìdáná òun ti gbá a nígbà èwe, ìbínú náà ò lọ, ó kàn wúwo sí i ni.

"Loïc, ọmọ Maryvonne. Ìwọ àti èmi la rí i. Èmi ti sọ tèmi. Ó kù sí ọ lọ́wọ́."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nínú ilé."

"Ṣé inú ilé ni wọ́n fẹ́ kan pátákó yẹn sí?"

"Rántí àdéhùn wa o," ni Vasseur sọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Àmọ́ ó ti gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ òun, gbogbo Les Aulnettes ló bá a gbọ́ ọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wù pupa, èyí tó jẹun nílé Idalie lọ́jọ́sí, jáde síwájú. "Dá Màmá lóhùn, Loïc. Èmi fò ó, mo sì bọ onífò lọ́wọ́. Ìwọ, ọjọ́ wo lo fò ó? Ta lo bọ̀ lọ́wọ́?"

Loïc wo òrùlé, ó wo ògiri. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ti kú, kò sì rí ibi sin ín sí. Ó na ọwọ́, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Mi ò fò ó rí," ló wí. "Coralie ló ṣí i. Idalie lorúkọ ẹ̀. Nísàlẹ̀ ni mo wà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní Paris, mi ò sọ ọ́."

Olórí ìlú wo aago, ó sì ṣẹ́wọ́ sí oníṣẹ́ pé kó má kan nǹkan kan ná. Vasseur ti rí i pé ayẹyẹ ń dà nù, ó gbé ohùn oyin rẹ̀ padà wá. "Ó ti tán náà! A máa kọ orúkọ méjèèjì. Coralie àti Loïc. Ìyá, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Orúkọ ẹni tó fò àti orúkọ ẹni tó wo ilẹ̀, lórí idẹ kan náà?" ni Idalie wí. "Ẹ gbé idẹ yín lọ fi se ọbẹ̀."

Wọ́n gbé e padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ lórí rẹ̀. Loïc lọ bá Coralie, ó na ọwọ́ sí i. Coralie wo ọwọ́ náà pẹ́.

"Ẹni tó bá fò ó ló ń na ọwọ́ yẹn," ló wí. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀, ó fi èjìká òsì ti èjìká rẹ̀. Ohun tó kó sínú láti ọjọ́ Paris wà nínú títì yẹn.

Ẹni tó bá rò pé inú Idalie rọ̀ lẹ́yìn èyí kò mọ̀ ọ́n. Géèmù ti wà lórí àtẹ ní gbogbo ìlú. Wọ́n ní kò ṣeé yí padà mọ́. Ní ilé ẹgbàágbèje ènìyàn, ọmọ onírun àgbàdo ṣì ń fa èjìká Coralie sẹ́yìn, ó ṣì ń fò, wọ́n ṣì ń pè é ní Ìfò Loïc. Ògiri ilé kẹrin wà níbẹ̀ tòun ti ihò tí wọ́n dá sí i lára, òfìfo. Ní gbogbo ìgbà tí Idalie bá sọ̀ kalẹ̀, ihò wọ̀nyẹn ni ojú rẹ̀ ń bá.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ra ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì ní ọjà tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gbé àga ìdáná sọ̀ kalẹ̀, ó fi í ti ògiri, ó gùn ún. Coralie wà níbi iṣẹ́. Idalie kò bi í, òun náà kò sì rán an. Ó ti kọ ọ́ dé ìdajì nígbà tí Da Cunha, alámòójútó ilé, sáré dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá Idalie! Kí lẹ ń ṣe yẹn? Èèwọ̀ ni kí wọ́n kọ nǹkan sára ògiri níbí!"

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kan irọ́ mọ́ ọn, níbo ni èèwọ̀ yín wà?"

"Wọ́n gbàṣẹ, ìyẹn."

"Èmi náà gbàṣẹ. Mo rí i."

"Orúkọ yín lẹ sì ń kọ! Bí àwọn ọmọ ìta!"

"Orúkọ ìfò ni. Tó o bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, pè wọ́n, kí wọ́n wá bá mi lórí àga."

Da Cunha wò yíká. Belkacem ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń bọ̀ wá wòran. Nínú ilé kejì, wọ́n ṣí fèrèsé, ilé kẹta náà ṣí tirẹ̀. Idalie kọ lẹ́tà tó kù, ó yọ ahọ́n sí igun ẹnu bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ.

"Lẹ́tà ìkẹyìn yẹn wọ́," ni Da Cunha wí.

"Àga ló ń mì," ni Idalie dáhùn. "Ju ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, kó o wá dì í mú."